Edé Mẹ́rin Tí Roheemat Ń Sìn

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta tí edé ti ń gbé inú ilé wọn. Roheemat lóṣòó síwájú àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlaròó, ó ń kà wọ́n bó ṣe máa ń kà wọ́n ní gbogbo àárọ̀ kó tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan wà lórí òkúta. Èkejì ń fi ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ gbọn iyanrìn. Ẹ̀kẹta ń rìn kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ẹ̀kẹrin ni kò rí. Ẹ̀kẹrin yìí ló tóbi jù nínú wọn, Roheemat sì ti sọ ọ́ ní Alhaja nítorí pé kì í kánjú, kì í bá ẹnikẹ́ni du oúnjẹ, ó sì máa ń dúró kí gbogbo ayé yà fún un kó tó kọjá.

Nígbà tó yá, ó rí i. Alhaja fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní kọ̀rọ̀ àpótí náà, kò mira. Roheemat fi ìka kan gíláàsì. Àwọn mẹ́ta yòókù sá. Alhaja kò sá. Roheemat ki ṣíbí gígùn bọ omi, ó gbé e jáde sórí àtẹ́lẹwọ́. Orí pé, ẹsẹ̀ pé, ibi tí ojú wà pàápàá pé, ṣùgbọ́n inú ti ṣófo, gbogbo rẹ̀ sì fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

"Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán," ni Roheemat wí.

Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kò mọ òkú edé. Inú edé ni wọ́n bí i sí. Láti ìgbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn ni Sàlímọ́tù, ìyá rẹ̀, ti ń ta edé gbígbẹ ní ọjà Ìlaròó. Ọmọ náà mọ bí a ṣe ń fẹ́ ẹ, ó mọ bí a ṣe ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ó sì mọ èyí tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tó ku èèpo lásán. Ohun kan ṣoṣo tí ọjà kò kọ́ ọ ni edé tó wà láàyè. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni edé ti ń wọ Ìlaròó, kó sì tó dé, ó ti rí iná, ó ti rí oòrùn, kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà, olùkọ́ wọn ní ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ díje mú ohun kan tí àwọn ará ilé wọn kì í sìn, kí wọ́n sìn ín fún àádọ́rin ọjọ́, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé lójoojúmọ́. Àwọn olùyẹ̀wò yóò wá wo àwọn ìwé náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá sì gbégbá orókè níbẹ̀, àwọn tó ṣètò ìdíje náà yóò san owó ìdánwò WAEC rẹ̀. Ohun tó gba Roheemat lọ́kàn nìyí. Ọdún kejì nìyí tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ WAEC nínú ilé wọn ni ìyá rẹ̀ máa ń wá nǹkan mìíràn ṣe, á gbá ibi tí ó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ayọ̀dàmọ́lá, ọmọ kíláàsì rẹ̀, mú ìgbín. Roheemat ní edé òkun ni òun máa sìn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, nítorí pé Ìlaròó kò mọ òkun rí. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Husain, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń wa mọ́tò lọ sí Àgbádárìgì, bu omi òkun wá nínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì gbé edé mẹ́rin wá nínú ike tó ní ìdérí. Ọkùnrin tó ń gé gíláàsì fèrèsé ló bá wọn kan àpótí náà. Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà yá a ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, pẹ̀lú bátìrì tí sólà ń fún ní iná, àti ìgò tín-ín-rín kan tó ń léfòó, tí wọ́n fi ń mọ bí iyọ̀ inú omi ṣe tó.

"Omi ló ń bá oòrùn lọ," ni olùkọ́ náà sọ fún un. "Iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí omi bá fà, omi kànga lásán ni kí o fi dí i. Má fi omi oníyọ̀ dí i o, kí o má bàa sọ ilé wọn di ọbẹ̀."

Lọ́jọ́ tí edé dé, odindi òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń kán omi àpótí sínú ike wọn díẹ̀díẹ̀, kí ara wọn lè mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó wá dà wọ́n sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà sọ fún gbogbo wọn: "Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ. N kò ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rí."

Roheemat gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi kún un ni pé ẹni tí ohun ọ̀sìn rẹ̀ bá kú ti pàdánù. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì béèrè. Ó kàn dá a lójú ni.

Ibi tó ti di òkú náà mọ́wọ́ ni Àṣìkẹ́ bá a. Àṣìkẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

"O ò tíì wọ bàtà? Kí ló dé?"

"Alhaja ti kú."

Àṣìkẹ́ gbé ọwọ́ lórí. "Yéè! Nígbà wo? Àná ni mo ṣì kí wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí!"

"Alhaja inú omi ni mò ń wí."

"Ọlọ́run má fìyà jẹ ọ́!" Àṣìkẹ́ jókòó. "Mo ti ń wo ẹni tí a máa rán sí Lèmọ́mù."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni n ó kọ sínú ìwé?"

"Kọ mẹ́rin."

"Mẹ́ta ló kù."

"Ṣé wọ́n fín orúkọ sí wọn lójú ni? Bàbá mi àgbà ń dẹ ìgèrè sí Odò Yewa, edé tó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè jẹ lọ. Màmá mi ń ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀ lọ́la. Màá ní kí wọ́n bá mi mú ọ̀kan tó ń ta pútúpútú wá."

"Edé odò nìyẹn. Edé òkun ni tèmi."

"Edé kì í ṣe edé ni? Nígbà tí màmá tìrẹ bá dà wọ́n pọ̀ sínú igbá, ṣé wọ́n máa ń jà?"

Roheemat rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó sì ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ̀, ti ń gbà á nìyẹn. Ó ju èèpo náà sí ẹ̀yìnkùlé, adìẹ kan sì gbé e sá lọ. Ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́ pé: "Ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta. Edé mẹ́rin. Gbogbo wọn wà láàyè, wọ́n sì ń jẹun dáadáa." 

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àṣìkẹ́ gbé ike ọ̀rá dé. Edé odò náà tó Alhaja ní gígùn, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tirẹ̀. Roheemat yí ike náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ọwọ́ tirẹ̀ gùn jù."

"Ta ló fẹ́ fi téèpù wọn ọwọ́ edé? Dà á sínú rẹ̀ jàre, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ń dúró dè wá."

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa kán omi fún un díẹ̀díẹ̀. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá òun yóò ti ọjà dé bá òun lẹ́nu rẹ̀, yóò sì béèrè ibi tí edé karùn-ún ti wá. Nítorí náà ó da àlejò náà sínú omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Edé odò fò sókè, ó forí sọ gíláàsì, ó sì lọ lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́rú, Roheemat rí mẹ́rin, ó kọ mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, iye náà péye, irọ́ sì ni síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ márùn-ún.

Ó rò pé ojú òun ń ṣe òun. Ó nu gíláàsì, ó tún kà wọ́n. Márùn-ún ni. Láti abẹ́ àpáàdì tí wọ́n gbé sínú omi náà ni edé kan ti ń jáde bọ̀, ara rẹ̀ ń dán bíi tuntun, ó sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì kánjú rárá. Ó dúró kí àwọn yòókù yà fún un, ó sì kọjá.

"Alhaja!" Roheemat pariwo. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fò lórí ẹsẹ̀ kan. Kò mọ bí ohun tí adìẹ ti gbé mì ṣe lè máa rìn nínú omi, kò sì bìkítà. Alhaja rẹ̀ kò kú.

Ayọ̀ náà kò pẹ́ kí ẹ̀rù tó dé bá a. Bí Alhaja kò bá kú, kí ni edé odò ń wá níbẹ̀? Ó mú asẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń sẹ́ tíì, ó fẹ́ gbọ́n ọn jáde. Edé odò, tó ti ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ látàárọ̀, kó ipá tó kù sínú rẹ̀ jọ, ó sì sá wọ abẹ́ òkúta. Kí Roheemat lè rí i mú, yóò gbé òkúta, yóò gbé àpáàdì, yóò ru iyanrìn sókè. Aago méje ààbọ̀ ti lù. Ó gbé asẹ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà pàdé rẹ̀, ó kó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dání.

"Roheemat, àwọn ará ilé rẹ inú omi ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, "Sà, mo rí nǹkan kan tí kò yé mi." Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bi í ní ìgbà tó rí i, yóò ní ọjọ́ Ajé ni, wọn yóò sì ṣí ìwé sí ọjọ́ Ajé. Irọ́ àkọ́kọ́ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí òtítọ́ kankan ráyè kọjá.

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, sà," ló sọ.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sà."

Ní ọjọ́ Ẹtì, kò rí edé odò mọ́. Ó wo ẹ̀yìn òkúta, kò rí nǹkan kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá àwọn yòókù ti jẹ ẹ́, pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kò gbé òkúta náà wò, nítorí ìyá rẹ̀ ń pè é láti ìta pé mọ́tò ti dé. Ìyàwó Bọ̀dá Husain ti bímọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlárá, wọn yóò sì sọ ọmọ náà lórúkọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ méjì ni wọn yóò lò níbẹ̀. Roheemat fún edé ní oúnjẹ díẹ̀, ó yẹ ẹ̀rọ wò, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Àṣíáwù. Wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò. Àwọn èèyàn Ìlárá ń bi Roheemat pé ṣé òótọ́ ni pé ó ń sin edé bí ẹni ń sin ewúrẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń bá a dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre, edé náà ló máa gbé e dé Abẹ́òkúta." Roheemat tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Kò sí ìgbà tí ìyá rẹ̀ máa ń fi í yangàn tí inú rẹ̀ kì í dùn, àfi lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí wọ́n padà dé, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn tán ni òórùn ti wá pàdé wọn. Omi àpótí ti funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Edé mẹ́ta léfòó, wọ́n ti pọ́n bí èyí tó wà nínú igbá ìyá rẹ̀ lọ́jà. Alhaja wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá àpáàdì. Nígbà tí Roheemat gbé òkúta, ó rí edé odò lábẹ́ rẹ̀, ó ti jẹrà, kò ku nǹkan kan lára rẹ̀ ju ọwọ́ gígùn méjèèjì lọ. Òun ló kọ́kọ́ kú; òun ló sì ba omi jẹ́ mọ́ àwọn yòókù lára.

Roheemat gbé Alhaja sórí àtẹ́lẹwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó wúwo. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ohun tí òun gbé lọ́jọ́ Ajé kì í ṣe òkú, ó sì bú sẹ́kún.

"Kí ló pa wọ́n?" Sàlímọ́tù ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi etí gèlè bo imú.

"Ẹ̀rọ ni, Màmá. Ẹ̀rọ ló kú."

 Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi òkú, púlú púlú púlú. Sàlímọ́tù tẹ́tí sí i.

"Ẹ̀rọ wo ló kú? Èyí tó ń pariwo yìí?"

 Ìyá rẹ̀ fa àga, ó jókòó, kò bínú, kò gbé ohùn sókè. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọmọ náà tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: èèpo, adìẹ, edé odò, ìwé, mẹ́rin tó jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tó jẹ́ márùn-ún.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a," ni Sàlímọ́tù wí. "Tìrẹ ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Owó WAEC, Màmá. Mo rò pé bí ọ̀kan bá ti kú, ó ti tán nìyẹn."

Ojú Sàlímọ́tù rọ̀, ó sì tún le. "Ṣé èmi ni mo ní kí o lọ purọ́ wá owó WAEC fún mi? Nu ojú rẹ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀la, kí agogo tó lù, wàá lọ bá olùkọ́ rẹ, wàá sọ ọ́ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní bá ọ lọ o. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ dé ibẹ̀ náà ni kó gbé ọ bọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Àṣìkẹ́ ti ní ìmọ̀ràn tuntun lọ́nà. "Sọ pé ológbò ló wọlé."

"Ológbò wo ló máa pa edé tí kò ní jẹ ẹ́?"

"Ológbò tó ń gbààwẹ̀," ni Àṣìkẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà, tí Roheemat rò pé ọ̀rẹ́ òun yóò yà sí kíláàsì, Àṣìkẹ́ bá a wọlé. "Èmi ni mo mú edé odò náà wá, sà," ló kọ́kọ́ sọ kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán. Kò na ọwọ́ sí pàṣán.

"Èyí tí o gbé jáde lọ́jọ́ Ajé ọ̀hún, ó wúwo àbí ó fúyẹ́?"

"Ó fúyẹ́, sà. Bí èèpo àlùbọ́sà."

"Èèpo náà ni. Edé máa ń bọ́ èèpo rẹ̀ bí ejò ṣe ń bọ́ awọ. Egungun rẹ̀ wà níta ara. Bí ó bá fẹ́ dàgbà, àfi kó bọ́ ọ sílẹ̀, kó sì hu òmíràn. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ, ara rẹ̀ máa ń rọ̀, ó máa ń sá pamọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa jẹ ẹ́. Àmì pé o ń tọ́jú wọn dáadáa ni, Roheemat. Ohun tó yẹ kó fún ọ láyọ̀ ni o fi bo irọ́."

Roheemat wo ilẹ̀.

"Ká ní o kọ ọ́ ni: 'Mo rí èèpo edé kan, n kò rí Alhaja, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.' Ọjọ́ náà gan-an ni n bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

"Mo rò pé bí wọ́n bá kú, mo ti pàdánù, sà."

Olùkọ́ náà mú ìwé Ayọ̀dàmọ́lá láti inú àwọn tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ṣí i síwájú rẹ̀. Ìkọ̀wé ọmọ náà wọ́, pẹ́ńsù rẹ̀ kò mú, ṣùgbọ́n Roheemat rí i kà: "Ọjọ́ kẹtàlélógójì. Ìgbín mẹ́ta kú. N kò mọ ohun tó pa wọ́n. Ó lè jẹ́ eérú tí mo dà sí ilẹ̀ wọn." Lábẹ́ rẹ̀: "Ọjọ́ kẹrìnlélógójì. Mo kó eérú náà kúrò. Kò sí èyí tó kú lónìí."

"Mọ́kànlá ló kú nínú ogún ìgbín rẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà wí. "Ìwé yìí ni màá fi han àwọn olùyẹ̀wò. Tìrẹ kò lè lọ. Kì í ṣe nítorí pé edé rẹ kú. N kò mọ èyí tí mo lè gbàgbọ́ mọ́ nínú ohun tí o kọ ni. Títí kan ọgọ́ta ọjọ́ tí o fi sọ òótọ́."

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn ún jù. Ọgọ́ta òwúrọ̀ ló fi lóṣòó síwájú omi, tó ń wọn iyọ̀, tó ń ka ẹsẹ̀, tó sì ń kọ òótọ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú, àwọn olùyẹ̀wò dé, wọ́n sì mú Ayọ̀dàmọ́lá. Ilé Roheemat kò dàrú nítorí rẹ̀. Sàlímọ́tù ní kí Roheemat máa bá òun pàtẹ lọ́jà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta títí ọdún yóò fi yí, kí àwọn méjèèjì jọ wá owó ìdánwò náà, Roheemat kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà sọ pé ohun kan kù. Ó ní kó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, níbi tí àwọn ọmọ JSS máa ń gbé ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn wá, kó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn.

Ó dúró níwájú wọn, ó sì sọ ọ́ láìbu iyọ̀ sí i. Nígbà tó dé ibi tí Alhaja ti jáde láti abẹ́ àpáàdì, àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dé láti Ìlárá, wọ́n dákẹ́.

"Alhaja kò kú nígbà tí mo fi ikú rẹ̀ pamọ́," ló fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Irọ́ tí mo pa láti bò ó ló wá pa á. Bí ohun kan bá bà yín lẹ́rù nínú iṣẹ́ yín, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí mo fi máa fẹ́ sọ tèmi, kò sí edé kankan láàyè mọ́."

Ó padà lọ jókòó.  Ojúọlá, ọmọbìnrin kékeré kan ní JSS kejì tó ń kọ iye òjò tó ń rọ̀ sílẹ̀, nawọ́ sókè. Ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Àìkú méjì wà tí mi ò jáde lọ wo agolo òjò mi. Mo kàn kọ nọ́ńbà sí i ni. Ṣé mo lè pa á rẹ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà wo Roheemat, bí ẹni pé òun ló yẹ kó dáhùn. Roheemat dìde.

"Má pa á rẹ́," ló sọ fún un. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o kọ òtítọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."